Funfun Nínú Ọmọlójú: Ṣé Ọmọ Tó Ní Jẹjẹrẹ Ojú Ṣì Lè Ríran?

Ká ní ẹ ya fọ́tò ọmọ kékeré kan ní Bàrígà lálẹ́, tí fláàṣì fóònù tàn, tí ọmọlójú kan pọ́n, tí èkejì funfun bíi ti ológbò. Ẹ má pa fọ́tò yẹn rẹ́ o. Ó lè jẹ́ àìsàn ojú mìíràn, àmọ́ ó lè jẹ́ retinoblastoma: jẹjẹrẹ inú awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sábà máa ń mú.

Kí ló ń fà á? Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ RB1, òun ni bíréèkì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ láìdúró. Méjì la ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ wo dánfó: tí bíréèkì ẹsẹ̀ bá já, ti ọwọ́ ṣì lè dá a dúró. Tí méjèèjì bá wá já ńkọ́? Ohun tí Alfred Knudson, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1971 nìyẹn.

Ibi tí kókó náà wà ló ń sọ bí ọmọ ṣe máa ríran lẹ́yìn ìtọ́jú. Àárín gbùngbùn awọ yẹn la fi ń kàwé. Tí kókó bá ti bà á jẹ́, ìwé kíkà á ṣòro fún ojú yẹn, kódà tí jẹjẹrẹ bá ti kú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló wà, tí wọ́n sì tètè fi kẹ́mò tàbí lésà tọ́jú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ríran dáadáa.

Tó bá ti pẹ́ jù, dókítà á ní ká yọ ojú náà kó má bàa ràn dé ọpọlọ. Ibí yìí ni òbí mìíràn ti ń gbé ọmọ sá lọ. Ṣùgbọ́n ojú tí jẹjẹrẹ ti kún kì í sábà ríran mọ́. Ọmọ tí ojú kejì rẹ̀ dára á ka pátákó níléèwé bíi tẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ máa da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, àmọ́ ó máa mọ́ ọn lára. Kó ṣáà máa wọ awò tó lágbára láti dáàbò bo ojú tó kù.

Láti Ṣómólú, Guinness Eye Centre ní LUTH, Ìdí-Àràbà, kò jìnnà. Ẹ má kán àgbo sí i lójú, ẹ mú fọ́tò yẹn dání, kẹ́ ẹ sì bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ojú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wò pẹ̀lú.