Ẹ̀yin Tí Abẹ́rẹ́ Ń Bà Lẹ́rù

Ẹ̀yin ará Másífà, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wọ mọ́tò láti Èjìgbò dé Àbíjáǹ, ẹ la Benin, Tógò àti Gánà kọjá, ẹ̀rù ò bà yín. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì tó mú abẹ́rẹ́ jáde, ẹsẹ̀ ti ń wá ọ̀nà ìta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ojo. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí. Ṣé a lè jọ máa lọ?

Ẹ rántí gbẹ́rẹ́. Abẹ ni wọ́n fi ń sín in: awọ á ya, ẹ̀jẹ̀ á sun, wọ́n á fi ẹbu kùn ún, a ó sì jókòó jẹ́jẹ́. Ojú abẹ́rẹ́ kò tó ojú gbẹ́rẹ́ kan. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, bóyá ti jẹ́nótáìpù kí ẹ tó ṣègbéyàwó, wọ́n á kọ́kọ́ so rọ́bà mọ́ òkè apá. Bí ìgbà tí ẹnìkan tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn á dúró, iṣan ẹ̀jẹ̀ á wú níbi tí apá ti ń ká, abẹ́rẹ́ á sì rí i wọ̀. Wọn kì í sábà gbà ju ṣíbí tíì kan tàbí méjì lọ. Nǹkan bíi lítà 5 ló wà lára àgbàlagbà. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà márùn-ún, kí ẹ bu ṣíbí tíì kan nínú rẹ̀; ta ló máa mọ̀ pé ó dín? Títí débí, ṣé ó yé wa?

Ó wá kù síbi tó le. Bí ẹ bá rí ejò, àyà yín á máa lù kìkì, ẹ ó sì sá. Ẹni tó rí ejò kì í sábà dákú. Ti abẹ́rẹ́ yàtọ̀ lára àwọn kan. Àyà á kọ́kọ́ lù kìkì, lójijì ni yóò wá rọlẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣàn wá sísàlẹ̀. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn káàkiri ara ni mo ń pè ní ìfúnpá. Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ tó ń fún un lómi kò lágbára mọ́: omi ìsàlẹ̀ ṣì ń sun, ti òkè ti gbẹ. Orí wa ni òkè yẹn. Ojú á ṣú, òógùn tútù á bò, ẹni náà á ṣubú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní òòyì abẹ́rẹ́. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Bí ibí yìí bá ṣòro, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà ka ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó tẹ̀síwájú.

Ẹ rí i báyìí pé "dẹra sílẹ̀", tí gbogbo wa máa ń sọ, kọ́ ni oògùn ẹni tí òòyì abẹ́rẹ́ ń kọ́. (Èmi náà ti sọ ọ́ fún àìmọye èèyàn, kí Ọlọ́run foríjì mí.) Ìfúnpá tó ti wálẹ̀, ẹ tún fẹ́ kó dẹ̀? Ní 1987, Lars-Göran Öst, ará Sweden tó ń ṣe ìwádìí ìbẹ̀rù, àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ̀wé lórí ọ̀nà òdìkejì. Èmi ń pè é ní fún-ara-le. Ẹ jókòó, ẹ fún iṣan apá, ẹsẹ̀ àti ikùn le bí ẹni fẹ́ gbé àpò gàrí. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, títí ojú yín á fi máa gbóná. Ẹ wá tú u. N kò ní kí ẹ rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ o, ẹ kàn padà sí bí ẹ ti wà. Tí ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 bá kọjá, ẹ tún un ṣe, títí yóò fi di ìgbà márùn-ún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè dà yín láàmú níbí: iṣan tí mo ń wí yìí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe méjèèjì. Ti ẹran ara tó ń le, tó ń dẹ̀, ni mo ní lọ́kàn. Bó bá le, a fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè, ìfúnpá a sì gòkè. Ẹ dán an wò nísinsìnyí. Ṣé ojú gbóná díẹ̀?

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ ń kọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ wo àwòrán abẹ́rẹ́ lónìí, ẹ má gbójú kúrò títí àyà yóò fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ di síríńjì tí wọn ò tíì tú mú. Lẹ́yìn náà, ẹ sin ẹlòmíì lọ gba tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá kàn yín, ẹ mu omi dáadáa, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé òòyì máa ń kọ́ yín, kí ó jẹ́ kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ fún ẹsẹ̀ àti ikùn le. Apá tí wọ́n fẹ́ gún nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní dídẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé bí ẹni ń gun àkàsọ̀ ni, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn?

Kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ fara da abẹ́rẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń rin Àbíjáǹ mọ káàdì yẹ́lò. Àjẹsára ibà pọ́njú ni ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú káàdì náà. Ní 1927, ní Gold Coast tí í ṣe Gánà òde òní, àwọn oníṣègùn tí ibùdó wọn wà ní Yábàá l'Ékòó gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, tí ibà náà ń bá fínra. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn tí Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di àjẹsára 17D ní 1937. Òun ni wọ́n ṣì ń gún fún yín títí dòní, láti 2016 sì ni ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Asibi fúnra rẹ̀ yè é.