Mårran, iwin òtútù

Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ a máa tutù. Ètè wa a máa là. Ìyá àgbà a dá iná, àwa ọmọ a sì jókòó yí i ká.

Ṣùgbọ́n òtútù kan wà tó ju ti ọyẹ́ lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó ní orílẹ̀-èdè Finland, ní àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Níbẹ̀, bí ìgbà òtútù bá dé, omi adágún a dì, a le bí òkúta. Àwọn ènìyàn a máa rìn lórí rẹ̀. Òjò dídì a máa bọ́ láti òkè bí òwú, ilẹ̀ a sì funfun báláú. Ní apá àríwá ilẹ̀ náà, àwọn ọjọ́ kan wà tí oòrùn kì í yọ rárá.

Obìnrin kan wà ní Finland tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tove Jansson. Ọdún 1914 ni wọ́n bí i, ọdún 2001 ni ó sì kú. Ó mọ àwòrán yà, ó sì mọ ìtàn kọ. Bíi ti ẹ̀yin ọmọ, ìlú tí wọ́n ti ń lo ju èdè kan lọ ni ó dàgbà sí. Èdè Sweden, tí wọ́n ń sọ nílé wọn, ni ó fi kọ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1945, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde nípa ìdílé kan tí a ń pè ní Moomin.

Àwọn Moomin kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀dá inú ìtàn ni wọ́n. Ara wọn funfun, wọ́n rí rọ̀bọ̀tọ̀, imú wọn sì tóbi bí ti erinmi. Bàbá wà, ìyá wà, ọmọkùnrin wọn náà wà. Wọ́n fẹ́ràn àlejò púpọ̀. Bí àlejò bá dé, ìyá a fún un ní oúnjẹ, a sì tẹ́ ibùsùn fún un.

Ṣùgbọ́n àlejò kan wà tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Orúkọ rẹ̀ ni Mårran. Lẹ́tà å yìí ń dún bí ọ tiwa.

Iwin ni Mårran. Ó tóbi, ó rí bí òkìtì ọ̀gán tó ń rìn. Ojú rẹ̀ rí róbótó. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ibi tó bá jókòó sí, ilẹ̀ ibẹ̀ a dì. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, koríko a kú. Nítorí náà, ọmọdé àti àgbà ń sá fún un.

Kí ni Mårran ń wá kiri? Kì í wá ìjà. Ooru ni ó ń wá.

Iná ńlá

Ìwé kan jáde ní ọdún 1957. Nínú rẹ̀, ìgbà òtútù dé. Àwọn Moomin sì ń sùn, nítorí pé wọ́n máa ń sun gbogbo ìgbà òtútù mọ́jú. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọmọkùnrin wọn jí lóun nìkan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ará ibẹ̀ dá iná ńlá. Mårran rí iná náà lókèèrè. Ó wọ́ ara rẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ yáná. Ó bá jókòó lé iná náà lórí! Ṣìì! Iná kú. Òkùnkùn ṣú.

Ẹ ò rí i bí? Ohun tí Mårran fẹ́ràn jù ni ó fi ara rẹ̀ pa. Too-Ticky, ọ̀rẹ́ ọmọ Moomin, ṣàlàyé fún un pé Mårran kò wá láti paná. Ó kàn fẹ́ kí ara òun móoru ni.

Àtùpà

Ìwé mìíràn jáde ní ọdún 1965. Nínú ìwé yìí, àwọn Moomin kó lọ sí erékùṣù kan láàárín òkun. Wọ́n tan àtùpà sínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Mårran rí àtùpà náà, ó sì tẹ̀ lé e. Bí ó ti ń lọ, omi òkun ń dì lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Lóru, ọmọ Moomin gbé àtùpà lọ sí etí òkun. Mårran wà níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ iná náà. Ọmọ náà kò sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n kò sá. Láti ìgbà náà, ó ń gbé àtùpà lọ fún un lóròòru.

Nígbà tó yá, epo àtùpà tán pátápátá. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Kí ni Mårran yóò ṣe bí kò bá rí iná? Síbẹ̀, ó lọ lọ́wọ́ òfo.

Mårran rí i. Kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó sì ń jó. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ náà wá. Nígbà tí Mårran lọ tán, ọmọ náà fọwọ́ kan iyanrìn tí ó ti jó. Iyanrìn náà kò dì mọ́!

Iná kò lè mú ara Mårran móoru. Ẹni tó wá kí i ni ó mú un móoru. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé: Èèyàn ni aṣọ mi.

Nínú kíláàsì, ọmọ kan lè wà tó jẹ́ pé bí ó bá ti dé ibi eré, eré á bàjẹ́. Kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ má kàn sá fún un. Ẹ kọ́kọ́ kí i.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
Òjò dídì: òjò tó dì nítorí òtútù, tó sì ń bọ́ wúrúwúrú.
Adágún: omi púpọ̀ tó dúró sójú kan.
Erékùṣù: ilẹ̀ tí omi yí ká.
Yáná: kí ènìyàn jókòó ti iná kí ara rẹ̀ lè móoru.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń sá fún Mårran?
2. Kí ni Mårran fẹ́ ṣe nígbà tó jókòó lé iná?
3. Kí ni ọmọ Moomin gbé lọ sí etí òkun lóròòru?
4. Kí ló dé tí iyanrìn kò dì mọ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe
Ẹ ya Mårran àti ọmọ Moomin létí òkun. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn méjì: kí ni ìwọ ìbá sọ fún Mårran bí o bá pàdé rẹ̀?