Òfin Wo Ni Wọ́n Fi Dè É?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti dá iṣẹ́ Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí, dúró nílẹ̀ yìí. Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ló gbé ìkéde náà jáde, orí Twitter kan náà sì ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ti fi í síta. Kò pẹ́ tí gbólóhùn kan fi gba ẹnu àwọn oníròyìn wa: “Ìjọba fòfin de Twitter.” Rédíò kà á, ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn ṣì ń wí i títí dòní. Mo fẹ́ kí a yẹ gbólóhùn náà wò dáadáa, nítorí pé ohun tó ń sọ kọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀.

Fi, òfin, dè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di “fòfin dè”. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “dè” máa ń gbà bó bá dá wà tàbí tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé e: wọ́n fòfin dè é. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn náà á gòkè díẹ̀: wọ́n fòfin de Twitter. Ẹni tó bá kọ “fòfin dè Twitter” ti ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe àmì ohùn kọ́ ló ń dùn mí jù. Bí a bá ní wọ́n fokùn de ewúrẹ́, okùn gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá ní wọ́n fòfin de nǹkan, òfin gbọ́dọ̀ wà. Òfin wo ló wà níbí? Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò ṣe òfin kankan lórí rẹ̀, kò sí àbádòfin kankan tí ààrẹ buwọ́ lù, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ kankan kò pàṣẹ rẹ̀. Mínísítà ṣe ìkéde, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, sọ fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n dí ọ̀nà ìkànnì náà, àwọn yẹn sì dí i.

Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 gan-an ti sọ bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe gbọ́dọ̀ rí. Abala 39 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tiwọn, láti gba ìròyìn àti láti fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Abala 45 gbà pé a lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n ó ní òfin ni kí a fi dín in kù, òfin tó sì yẹ ìlú tó ń ṣe ìjọba àwa-ara-wa. Nítorí náà, oníròyìn tó kọ “fòfin dè” ti bá ìjọba dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí ó bi wọ́n.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé. Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń lo Twitter lẹ́jọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló ti gba ẹ̀bùrú VPN wọ ibẹ̀: ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn. Bí òfin bá ti de nǹkan, kí ni à ń pe ẹni tó ṣì ń lò ó? Arúfin ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníròyìn ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di arúfin kí adájọ́ kankan tó la ẹnu. Pásítọ̀ Enoch Adébóyè, alábòójútó àgbà ìjọ Redeemed, ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lórí Twitter lẹ́yìn ìkéde náà, ó sì tọ́ka sí abala 19 nínú ìkéde àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. N kò ì tíì gbọ́ ẹni tó pè é ní arúfin, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ṣe kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ń ta aṣọ.

“Gbẹ́sẹ̀ lé” ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Ọlọ́pàá lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀, báńkì lè gbẹ́sẹ̀ lé ilé ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé ẹnìkan lo agbára. Kò sọ pé ó jàre, kò sì sọ pé ó jẹ̀bi. Ó tún ní ìparí tirẹ̀: bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e lónìí, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ lọ́la. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2022, Kashifu Inuwa Abdullahi, ọ̀gá àgbà àjọ NITDA tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, kéde pé Twitter yóò padà ṣiṣẹ́ láti agogo méjìlá òru ọjọ́ náà, lẹ́yìn ọjọ́ 222. “Ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí Twitter” ni ọ̀pọ̀ oníròyìn kọ. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọn kò kọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún kọ pé ìjọba “ka Twitter léèwọ̀”. Ìyẹn tún jìnnà sí òtítọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èèwọ̀ a máa wà nílẹ̀ kí a tó bí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ọmọdé ìdílé mọ ẹran tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ. Ohun tí kò sí ní àárọ̀ tí ó wà ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe èèwọ̀.

Ní ti “dá dúró”, òun ló sún mọ́ ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ wí, kò sì sí aburú nínú rẹ̀, bí a bá fi “láìní gbèdéke” kún un, nítorí pé mínísítà kò dá ọjọ́ tí yóò parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ń fi orúkọ sí. “Wọ́n dá Twitter dúró” ni ohun tó ṣẹlẹ̀. “Twitter dá dúró” túmọ̀ sí pé kò gbára lé ẹnikẹ́ni. “Twitter dáwọ́ iṣẹ́ dúró” sì túmọ̀ sí pé òun fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti rí i kà bẹ́ẹ̀, irọ́ gbáà ni. Bákan náà ni “pa rẹ́”: Twitter pa ọ̀rọ̀ ààrẹ rẹ́, ọ̀rọ̀ náà parẹ́. A kì í wí pé Twitter “parẹ́ ọ̀rọ̀”.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa rẹ́ yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àṣìlò “òfin” sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí olóògbé Muhammadu Buhari, ààrẹ ìgbà náà, fi síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. A kà á pé ààrẹ “rú òfin Twitter”. Mo mọ̀ pé Yorùbá ní òfin ilé àti òfin ẹgbẹ́. Síbẹ̀, nínú ìròyìn tí ìjọba àti iléeṣẹ́ ti ń fa ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí òfin dúró fún ohun tí aṣòfin ṣe. Ìlànà ni iléeṣẹ́ ní. Àdéhùn ni oníbàárà tẹ̀ pé òun gbà nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a rìn: à ń rú òfin, à ń tàpá sí ìlànà, à ń yẹ àdéhùn. Nígbà tí Twitter lé Donald Trump kúrò ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2021, wọn kò fòfin dè é. Wọ́n lé e ni, bí onílé ṣe ń lé àlejò. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Trump kan sáárá sí Nàìjíríà fún ohun tó ṣe sí Twitter.

Kí ni Buhari sọ gan-an? Wọ́n ń sun àwọn ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò INEC àti àgọ́ ọlọ́pàá ní ìlà oòrùn gúúsù nígbà náà. Ó rán àwọn tó ń ṣe é létí ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, ó ní ọ̀pọ̀ wọn kéré láti mọ ohun tó bàjẹ́ nínú ogun náà, ó sì ní àwọn tó fi oṣù 30 wà lójú ogun yóò bá wọn lò ní èdè tó yé wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kọ pé “a ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé wọn.” Ẹ gbọ́ ọ bí ó ṣe ń dún létí Yorùbá! Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọ̀rọ̀ sùúrù, bí ẹni fẹ́ pe ọmọ jókòó kó là á yé e. Gbogbo egungun inú rẹ̀ ti yọ. Bí Yorùbá bá ní irú rẹ̀ lọ́kàn, wọ́n á ní àwọn yóò jẹ́ kí wọ́n fojú winá, tàbí pé ojú wọn á rí màbo. Ẹni tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún lọ́nà àkọ́kọ́ kò lè mọ ohun tó mú kí ẹnikẹ́ni bínú, á kàn rò pé òyìnbó ń fín ààrẹ wa níràn ni.

Ìjọba ní ìkìlọ̀ ni. Twitter ní ó tàpá sí ìlànà òun lórí ìwà àìdáa sí ẹlòmíràn. Èwo ni Yorùbá yóò pè é? Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé kí o má gba ọ̀nà kan nítorí ejò, ìkìlọ̀ nìyẹn: ewu náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá ní bí o bá gba ibẹ̀, òun yóò ṣe ọ́ léṣe, ó dúnkookò mọ́ ọ. Ìjọba lè kìlọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè ní ẹni tó bá dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá yóò fojú ba ilé ẹjọ́, ìkìlọ̀ ṣì ni, nítorí adájọ́ wà láàárín. Bí ó bá fi ogun rọ́pò adájọ́, tó sì rán àwọn èèyàn létí ogun tó pa àwọn bàbá wọn, ó ti kọjá ìkìlọ̀. Ìdúnkookò-mọ́ni ni mo pè é, èmi kò sì rí ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tó jẹ́ òtítọ́. Pé àwọn tó ń sun ọ́fíìsì hùwà ọ̀daràn kò yí i padà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi gbogbo ìdájọ́ lé àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lọ́wọ́, nítorí èdè wa kò yé wọn tó. Lára ohun tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn ń wò ni ọ̀rọ̀ tó jọ pípa àti ikú. Yorùbá ń pa òwe, wọ́n ń pa àlọ́, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín, wọ́n ń pa ara wọn láyò. A ń kí èèyàn kú oríire, kú ọjọ́ mẹ́ta, kú ìnáwó. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ yóò rí òkú níbi tí kò sí. Ẹni tó sì ń fi òwe ránṣẹ́ ibi sí ẹ̀yà mìíràn á máa bá tirẹ̀ lọ láìsí ẹni tó mú un. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún kó àwọn ọmọ Yorùbá jọ lórí Twitter láti fi èdè wa kọ̀wé ní gbogbo ọjọ́, kí iléeṣẹ́ náà lè fún Yorùbá láyè. Ẹ̀bẹ̀ náà ṣì tọ́, mo sì fi èyí kún un: iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ gba ẹni tí Yorùbá yé síṣẹ́, kó sì sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ṣì wà tó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn ìkéde ìjọba, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù jọ kọ̀wé pé dídí ọ̀nà ọ̀rọ̀ kì í ṣe ojútùú. Geoffrey Onyeama, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ránṣẹ́ pè wọ́n ní ọjọ́ 7. Ṣé wọ́n “dá sí ọ̀rọ̀” ni àbí wọ́n “tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀”? Ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ lè jẹ́ alárinà. Ẹni tó tojú bọ̀ ọ́ ti jẹ̀bi kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nàìjíríà darapọ̀ mọ́ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú ní ọdún 1993. Ẹni tí a jọ wà nínú àdéhùn tó rán wa létí rẹ̀ kò tojú bọ nǹkan kan. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ni Twitter, lóòótọ́, ìyẹn sì lè wà lára ohun tó mú Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Kí oníròyìn kọ ìyẹn ní gbangba, kó má fi ọ̀rọ̀-ìṣe bò ó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ẹjọ́ tí àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP àti àwọn mìíràn pè. Ó ní ohun tí ìjọba Nàìjíríà ṣe sí Twitter lòdì sí òfin, ó sì pàṣẹ pé kí ó má wáyé mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí àwáwí fún wa mọ́. Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn àti ẹ̀yin tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ “fòfin dè” kúrò nínú ìtàn yìí, kí ẹ sì kọ “gbẹ́sẹ̀ lé”.