Kí A Tó Tètè San Ẹ̀yáwó, Ẹ Jẹ́ Kí Á Ṣírò Rẹ̀



A mọ̀ pé èlé jẹ́ hàráámù fún wa. Suratul Baqarah, láti aaya 275 dé 279, ti la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa ti tọrùn bọ ẹ̀yáwó elélé kí òye rẹ̀ tó yé wọn. Ẹni tó bá ti túúbá yóò fẹ́ tètè san án tán. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó kó gbogbo owó tó fi pamọ́ lọ, ó yẹ kí ó mọ iye tí yóò jẹ ẹ́ àti iye tí yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tó yá ₦120,000 fún oṣù 12, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦2 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣírò rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: Wọn a máa gba èlé lórí gbogbo owó náà títí dé òpin, bí ẹni pé a kò tíì dá kọ́bọ̀ padà. ₦2,400 lóṣù, ₦28,800 lápapọ̀. Bí ìwé àdéhùn bá ti ka gbogbo rẹ̀ sí gbèsè láti ọjọ́ kìíní, ẹni tó san án tán ní oṣù kẹfà kò jèrè kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kejì: Orí owó tó ṣẹ́ kù nìkan ni èlé wà. Bí a bá ń dá ₦10,000 padà lóṣù, èlé oṣù kìíní jẹ́ ₦2,400, ti ìkejì ₦2,200, títí yóò fi di ₦200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦15,600. Nígbà tí oṣù kẹfà bá parí, ₦11,400 ti lọ nínú rẹ̀. Bí a bá san ₦60,000 tó kù lẹ́ẹ̀kan, ₦4,200 ni a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gba ₦1 lórí ₦100 nítorí pé a tètè san, ₦600 ti lọ, ó ku ₦3,600.

Nítorí náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ojú owó tó kù, èlé tí wọn yóò yọ kúrò, àti owó ìtanràn. Aaya 282 nínú Sura kan náà ló pa wá láṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbọ́n àpò gbẹ, kí àìsàn ọmọ má baà lé yín padà sọ́dọ̀ olówó èlé.

Bí gbèsè wa kò bá ní èlé ńkọ́, tí olówó fẹ́ dín in kù nítorí pé a tètè san? Àwọn onímímọ̀ àtijọ́ yapa lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fiqh lágbàáyé fẹnu kò ní Jeddah ní 1992 pé ó tọ́, bí kò bá jẹ́ àdéhùn tí a ti ṣe ṣáájú, tí kò sì sí ẹnì kẹta láàrin.

Ìbéèrè: Ní ọ̀nà kejì, èló ni ẹni tó san gbogbo rẹ̀ tán ní ìparí oṣù kẹsàn-án yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun bá wa san gbèsè ọrùn wa. Àmín.