Sí Olúmìdé, Kó Tó Wakọ̀ Lọ sí Ìsẹ́yìn

Olúmìdé ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Ó dùn mọ́ mi pé ọkọ̀ tí o rà kò ní máa lọ ibi iṣẹ́ bọ̀ nìkan, o fẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ rí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Adó-Àwáyè àti Igbó-Ọrà ní Sátidé kan ṣoṣo? Inú ọkọ̀ lẹ ó ti wo gbogbo wọn nìyẹn. Fi Ọ̀yọ́ àti Igbó-Ọrà sílẹ̀, ibì kankan ò sá lọ nínú wọn.

Ọ̀nà Mọ́níyà ni kí o gbà. Láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn jẹ́ kìlómítà 65, ìjọba sì ti tún un ṣe. Ẹni tó mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ yóò dúpẹ́. Títì tó dán bẹ́ẹ̀ ló sì ń tan awakọ̀. Abúlé pọ̀ létí ọ̀nà, ewúrẹ́ ò mọ họ́ọ̀nù, ọlọ́kadà tó ń ti oko bọ̀ kì í sì í wo ẹ̀yìn kó tó yà. Ra epo kún táǹkì n'Ìbàdàn, yẹ táyà wò pẹ̀lú èyí tó wà nínú búùtù, mú jáàkì àti ìwé ọkọ̀ dání. Kí ẹ ti kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ẹ ó gba Ìjàyè kọjá. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, kò yẹ kí o gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Sọ fún àwọn ọmọ pé níbẹ̀ ni Kúrunmí ti jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, pé ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará ibẹ̀ ní 1860, nígbà tó sì fi máa di 1862, a ti tú ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ará Ìjàyè sá lọ sí Abẹ́òkúta. Sọ ọ́ bó ṣe rí, má fi yangàn.

Tẹ́ ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, ẹ má tíì dúró. Adó-Àwáyè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn wà lára òkè tó wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ẹ rọra gùn ún, kí ẹ mú omi dání. Lókè lọ́hùn-ún ni adágún Ìyákẹ́ wà, omi lórí àpáta. Àwọn ará ìlú gbà pé kò nísàlẹ̀. Bí afinimọ̀nà bá ní kẹ́ ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má bá a jiyàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti lọ, nítorí àpáta a máa yọ̀ lásìkò òjò.

Ìsẹ́yìn gan-an ló ń wù mí kẹ́ ẹ lo ọ̀sán yín sí. Àwọn kan máa ń dé ibẹ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a ra fìlà kan, ó parí. Jókòó ti àwọn ahunṣọ. Kí wọn "Ẹ kú iṣẹ́ o" kí o tó béèrè ohunkóhun, kí o sì tọrọ àyè kí o tó gbé fóònù sójú ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí àwọn ọmọ wo òwú tí wọ́n ta gbọọrọ sílẹ̀, tí wọ́n gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le, tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kí wọ́n rí i pé aṣọ tóóró, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ló ń jáde lórí òfì, pé aránṣọ ló máa rán an pọ̀ di agbádá. Ní kí wọ́n fi ẹtù, àlàárì àti sányán hàn yín. Òwú kòkòrò ni wọ́n fi ń hun sányán láyé àtijọ́. Òwú ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, nítorí náà, béèrè irú òwú tó jẹ́ kí o tó sanwó. Ná ọjà, ṣùgbọ́n má ná an bí òkìrìkà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é lójú rẹ.

Má lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, ìrun á dá iṣẹ́ dúró lọ́sàn-án. Sátidé tí o mú ti dára.

Ní aago mẹ́rin, kí ẹ ti máa bọ̀, bí ìyàwó rẹ tilẹ̀ ṣì ń ná aṣọ lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà yẹn, pàápàá pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tẹ́ ẹ bá rí wọn. Ìyá rẹ ní kí o bá òun ra ẹ̀lúbọ́ Òkè-Ògùn, kó sì jẹ́ ti iṣu, kì í ṣe ti láfún. Òun á san owó rẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ìyá rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Bàbá Àgbà, Ìbàdàn.