Bọ̀dé, Dìde Lórí Àga

Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí

Bọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà yìí gùn díẹ̀, fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ àga tí o ń jókòó lé ní ọ́fíìsì rẹ ní Lọ́kọ́jà ló bí i, àti ọ̀rọ̀ tí o máa ń sọ pé ìwọ kò sanra, pé kò sí ohun tó ń ṣe ọ́.

Dókítà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun Hitler, Jeremy Morris lorúkọ rẹ̀. Nígbà náà, àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin tí kò tíì darúgbó, ìdí rẹ̀ kò sì yé àwọn oníṣègùn. Morris kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Inú ọkọ̀ kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, irú èèyàn kan náà sì ni wọ́n. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ sì ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gùn, kó lè gba owó ọkọ̀. Àtẹ̀gùn tó ń gùn lójúmọ́ lé ní 500. Nígbà tí Morris gbé àbájáde ìwádìí náà jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 1953, ó hàn pé àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Bó bá sì mú kọ̀ndọ́kítọ̀, kì í sábà le tó ti awakọ̀.

Àwọn kan jiyàn. Wọ́n ní bóyá àwọn tó sanra ló ń lọ ṣe awakọ̀. Morris bá lọ gba àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ṣòkòtò tí iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ń rán fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ìbàdí awakọ̀ fẹ̀ ju ti kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi awakọ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́ wé kọ̀ndọ́kítọ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó sì fi ẹni tó sanra wé ẹni tó sanra, kọ̀ndọ́kítọ̀ náà ló ṣì sàn jù. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn, Bọ̀dé. Àìsanra rẹ kò gbà ọ́ lọ́wọ́ àga.

Ó tún lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, irú tìrẹ gan-an: ọkùnrin tó ju 16,000 lọ, láti ẹni 40 ọdún dé ẹni 64, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ orí tábìlì. Lọ́dún 1973, wọ́n kéde pé àwọn tó ń fi àkókò ìsinmi wọn ṣe eré tàbí iṣẹ́ tó ń mú òógùn jáde, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ewu àrùn ọkàn tó wà lórí àwọn ẹgbẹ́ wọn ló wà lórí tiwọn. Morris fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìwé. Ó ń wẹ odò, ó ń rìn, ó sì pé ẹni 99 ọdún kó tó kú lọ́dún 2009.

Nílẹ̀ Okun wa níbí, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ eré ìmárale láyé àwọn bàbá wa, torí pé oko ti ṣe é tán. Owé, Búnú, Ìjùmú, Ìyàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń lọ oko, wọ́n á kọ ebè iṣu, wọ́n á ru ẹrù wálé, obìnrin á sì tún gún iyán lálẹ́. Ní báyìí, ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn láti Kàtú dé ọjà. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé sì ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa oko tó jìnnà tì. Ẹjọ́ wọn kọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ara kò mọ ìdí tí a fi jókòó, ìjókòó náà nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀rí wà nítòsí pé bí a ṣe ń gbé ayé ló ń yí ara wa padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Dókítà Richard Cooper láti Yunifásítì Loyola nítòsí Chicago dara pọ̀ mọ́ àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn dúdú káàkiri, títí kan àwọn ará Igbó-Ọrà. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé nínú àwọn àgbàlagbà 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, wọ́n jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Bí ìwọ̀n ara àti iyọ̀ inú oúnjẹ ṣe ń lọ sókè ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn gòkè. Nítorí náà, má ṣe sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa kí o sì jókòó tì í.

Ohun tí ìrìn ń ṣe nìyí. Bí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ara á gba ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lò, ọkàn á sì kọ́ bí yóò ṣe máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí èèyàn bá jókòó lọ́dún lé ọdún, iṣan á le bíi rọ́bà tí oòrùn ti gbẹ, ọkàn á sì máa fi agbára tì í.

O lè ní o ti ń sún mọ́ 50, pé ó ti bọ́. Gbọ́ ti ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1966, àwọn oníṣègùn ìlú náà mú ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ọmọ 20 ọdún, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìdìde. Lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n tún wá àwọn márààrún kàn. Wọ́n ti di bàbá oníkùn, ìwọ̀n wọn ti kúrò ní nǹkan bíi kílò 77, ó ti di 100. Síbẹ̀, agbára tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́sí pọ̀ ju èyí tí 30 ọdún gbà lọ! Wọ́n wá fi oṣù mẹ́fà rìn, wọ́n sáré pẹ̀lẹ́, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un. Agbára tí ọjọ́ orí ti kó lọ padà sọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ agbára díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn kánkán tó, èyí tí o ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń rìn ín, ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin. Má gbójú lé bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé nìkan bí ọjọ́ iṣẹ́ márààrún bá jẹ́ ti àga. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016, tó kan èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ, fi hàn pé ẹni tó ń jókòó ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́ nílò ìrìn bíi wákàtí kan lójoojúmọ́ kí ewu ìjókòó náà tó lè kúrò lórí rẹ̀. Rìn níbi tí èèyàn pọ̀ sí, lójú ọ̀sán, nínú ọgbà ọ́fíìsì tàbí pápá iléèwé. Má lọ dá rìn ní ìdájí. Fi àtẹ̀gùn gòkè. Dìde gba fóònù. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ náà fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ jọ rìn, kó sì dín iyọ̀ àti mági inú ọbẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀, lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹni ọdún 25 ni agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji nígbà tó ṣubú lulẹ̀ tó sì kú lórí pápá ní Sùúrùlérè, Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Bó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, padà lọ kí wọ́n tún un wọ̀n, kí dókítà sì sọ bí o ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá sì ń fún ọ pinpin, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo ọ́, má pè é ní ọgbẹ́ inú. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọ lọ lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà méjì tí ẹ̀rọ bá kọ fún ọ, fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ti ìyàwó rẹ náà, kí o fi kún un.

Èmi ni,
àbúrò bàbá rẹ ní Kábà