Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lórí Ọ̀rọ̀ Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìmùṣin, ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé àgbà nìkan ni ó ni ọ̀rọ̀ ìlú kò mọ ìtàn Ìjẹ̀bú, nítorí pé, bí ìgbìmọ̀ Òṣùgbó ti jẹ́ ti àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Pàm̀pá wà kí ohùn èwe àti ti mẹ̀kúnnù lè dé ààfin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ni ohùn ọ̀dọ́ ti ní agbára. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, Nigerian Youth Movement, fi ìbò borí ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay ní Èkó. Ní ọdún 2018, òfin Nàìjíríà dín ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò aṣòfin ní Ilé Aṣojú kù láti 30 sí 25.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, kí ó gba káàdì ìdìbò, kí ó má sì ta ìbò rẹ̀ nítorí owó tí kò tó jẹun ọjọ́ méjì. Bí a bá dìbò tán, kí ó dúró títí wọn yóò fi kà á, kí ó sì fi èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ibùdó ìdìbò wé èyí tí a kéde. Ní ìpàdé, ẹ máa bèèrè iye tí káńsù gbà àti iṣẹ́ tí ó fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi èébú dípò àlàyé, ẹ má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan sọ yín di jàǹdùkú nígbà tí ọmọ tirẹ̀ wà ní ilé-ìwé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.